Òkúta Ìgbó-Ayùn Kò Tíì Jinná

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Yábàá kò ṣeé ṣàlàyé fún onílé. Nígbà tí mo fẹ́ gba yàrá, bàbá onílé bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo ní òkúta ni mo máa ń yẹ̀ wò. Ó ní ṣé góòlù ni? Mo ní rárá o, òkúta dúdú lásán, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi àtijọ́ tó ti gan paali. Ó ní kí ni mò ń wò lára rẹ̀? Mo ní mò ń wò ó bóyá ooru ti mú un rí, bí ooru náà ṣe pọ̀ tó, àti ìgbà tó tó tutù. Ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ mú onídùúró wá.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni. Ewé, igi àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi tó kú láyé àtijọ́ sùn sínú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ ń gun orí ẹrẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ń rì lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti gbóná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sè bí ẹ̀wà orí ààrò. Bí ooru náà bá tó, tó sì pẹ́ tó, epo á jáde. Bí kò bá tó, òkúta á wà ní tútù. Bó bá pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ á jóná di èédú. Èmi ni mo máa ń wádìí èyí tó ṣẹlẹ̀. Àwọn èérún igi tó wà nínú òkúta máa ń dán sí i bí ooru bá ṣe mú wọn tó, mo sì máa ń fi máíkróskóòpù wo dídán wọn. A tún ní ẹ̀rọ kan tó ń yan òkúta díẹ̀díẹ̀, tó ń sọ ohun tó jáde lára rẹ̀ fún wa, àti bí iná ṣe gbóná tó nígbà tó jáde. Láti ibẹ̀ la ti ń mọ ìtàn ooru ilẹ̀ náà.

Wàhálà mi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ará ìlú mi gbọ́ pé mo mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìgbó-Ayùn ni ìlú wa, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí èèyàn lè kọjá lójú ọ̀nà láìmọ̀ pé òun ti kọjá. Àwọn ọmọ ìlú náà tó wà l'Ékòó ní ẹgbẹ́, a sì máa ń ṣèpàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nínú kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àgùdà, níbi tí àwọn àgbààgbà ti ń jókòó sórí àga àwọn ọmọ jẹ́léósinmi tí orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Bàbá Theophilus ni alága wa. Rélùwéè Ìdó ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ṣì máa ń ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ ojúurin kan wà níta tó ń dúró de àṣẹ rẹ̀. Alhaji Sùnmọ́nù tó ń ta táyà ní Múṣín ni igbákejì.

Wọ́n lọ gbẹ́ bọ́hóòlù sí ẹ̀gbẹ́ oko Àǹtí Àríkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Kí omi tó jáde, òkúta dúdú kan kọ́kọ́ yọ, ó ń rùn bí kẹrosíìnì. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò dé orí Wáàsáàpù ẹgbẹ́, ó parí. Kí ọjọ́ Àìkú tó pé, a ti ní ìgbìmọ̀ páìpù, a ti ní ìgbìmọ̀ tí yóò wáṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, a sì ti ní ìgbìmọ̀ tí yóò máa gba owó ìtanràn nígbà tí epo bá dà sínú odò. Mo ní epo wo? Wọ́n ní ó dáa kéèyàn múra sílẹ̀. Àgbàlagbà méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn láṣọ ya nítorí ipò alága ìgbìmọ̀ epo-tó-dànù, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìgbádùn wà.

Gbogbo èyí ì bá pa mí lẹ́rìn-ín lásán ká ní wọn ò tún dórí oko. Bàbá Theophilus ní àwọn ilé-iṣẹ́ epo kì í fẹ́ràn igbó, ó yẹ kí wọ́n bá ilẹ̀ mímọ́ tónítóní. Ó ti bá ẹnì kan tó ní katapílà sọ̀rọ̀. Oko ọsàn Àǹtí mi ni katapílà máa gbá kúrò.

Ara mi gbóná. Àǹtí Àríkẹ́ ló tọ́ mi nígbà tí bàbá mi kú, ọsàn oko yẹn ló sì rán mi níléèwé títí mo fi dẹni tó ń wo òkúta jẹun. Opó ni. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń rìn dé oko náà láti lọ wo àwọn igi rẹ̀. Bí wọ́n bá gé wọn, mi ò mọ ohun tó máa mú un dìde lórí ibùsùn mọ́.

Mo na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ò ní jẹ́ ká yẹ òkúta náà wò ná? Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó lè dúdú, ó lè rùn, kó má sì sí epo kankan níbẹ̀."

Wọ́n jíròrò. Níkẹyìn alága ní, "Ó dáa. Dókítà Òkúta, lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó o bá rí epo, katapílà á wọlé. Tí ò bá sí, a fi oko obìnrin náà sílẹ̀. Àbí ẹ̀yin ará ńkọ́?" Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní Alhaji Sùnmọ́nù ló máa gbé òkúta náà wá fún mi ní Yábàá.

Alhaji gbé e dé lóòótọ́. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e, ó sì gbé e mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó. Nígbà tí mo tú u, òkúta náà ń dán, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo rò ó pé ó tán, epo ló ń sun lára rẹ̀ yìí, oko Àǹtí mi ti lọ.

Èmi àti Débọ̀ la jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ ìlú Mopó ni, ó sì mọ ẹ̀rọ lò ju bó ṣe mọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. A gé díẹ̀ lára òkúta náà, a gbé e sínú ẹ̀rọ, epo tó jáde pọ̀ débi pé Débọ̀ fi ìka ti ojú kọ̀ǹpútà bóyá ó bàjẹ́ ni. Mo lọ sídìí máíkróskóòpù. Àwọn èérún igi kan níbẹ̀ ṣókùnkùn, wọn ò dán rárá, bí ìgbà tí ooru kò kàn wọ́n rí. Àwọn kan sì wà láàárín wọn tó ti jóná pátápátá di èédú.

"Ẹ̀gbọ́n, wahala dey o," ni Débọ̀ wí. "Òkúta yìí ò tíì jinná, ó sì tún ti jóná. Báwo ni?"

"Epo tó jáde yẹn ńkọ́? Irú epo wo ni?"

Ó tún un yẹ̀ wò, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó. Òróró èso igi ni. Kò tíì pẹ́ nílẹ̀ rárá, àfi bí èyí tí wọ́n rà lánàá. Mo fẹ́ sọ pé ólífì ni."

Igi ólífì kò hù ní Ìgbó-Ayùn rí, kò hù níbẹ̀ láyé àwọn baba wa, kò sì hù níbẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ omi. Mo gbé fóònù, mo pe Alhaji.

"Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi sí òkúta yìí?"

"Kí la máa fi sí i? A ò fi nǹkan kan sí i o."

"Alhaji."

"A kàn gbàdúrà sí i ni."

Ọwọ́ mi wá ba ibi tó ti ń rùn. Nínú ẹgbẹ́ wa, kò sí ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ láìsí àdúrà méjì, ti Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Nígbà tí a ra fáànù, méjèèjì ni wọ́n gbà sí i, fáànù náà ò sì ṣiṣẹ́ dọ̀la. Wọ́n kọ́kọ́ gbé òkúta náà lọ bá pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá Theophilus, ìyẹn sì da odindi ìgò òróró àdúrà sí i lórí. Alhaji kò lè gbà kó mọ síbẹ̀. Ó gbé e lọ bá álífáà kan ní Múṣín tó kọ áyà Kùránì sára wàláà, tó fi omi fọ̀ ọ́, tó wá ri òkúta náà sínú hàǹtú, omi tó fi fọ wàláà náà. Èédú igi ni wọ́n fi po tàdáà tí wọ́n fi kọ ọ́. Èédú yẹn ni mo bá níbẹ̀ tó ti jóná, òróró pásítọ̀ sì ni epo rẹpẹtẹ tó jáde.

"Ṣé ó níṣòro ni?" ni Alhaji bi mí.

Mo ní kò sí ìṣòro sà. Mo pa fóònù, mo fi orí lé tábìlì, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Oko Àǹtí mi tún ti yè.

Mo fọ́ òkúta náà, mo ju ara rẹ̀ òde nù, mo mú àárín gbùngbùn rẹ̀ tí àdúrà kò dé. Mo fọ ìyẹn náà dáadáa. Òórùn kẹrosíìnì kúrò pẹ̀lú omi àkọ́kọ́, epo tí ẹ̀rọ ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ ń mu ló ta sí i lára. Ìgbà tí a wá yẹ̀ ẹ́ wò, ohun gbogbo bára mu. Òkúta tútù ni. Kò rì jìnnà wọ inú ilẹ̀ rí, ooru tó yẹ kó sè é kò kàn án. Mo kọ ọ́, mo buwọ́ lù ú, mo sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ Àìkú, kíláàsì kún. Àǹtí Àríkẹ́ pàápàá ti ilé wá, ó jókòó sẹ́yìn, ó wọ ìró àti bùbá tó mọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n gba àdúrà méjèèjì, wọ́n sì pè mí síwájú. Mo fi suúrù ṣàlàyé. Mo sọ ti ẹrẹ̀, mo sọ ti ẹ̀wà orí ààrò, mo sọ ti èérún igi tí kò dán.

"Ní kúkúrú, ẹ̀yin àgbà, òkúta wa kò tíì jinná."

Ọkùnrin kan wá béèrè pé, "Ó kù báwo kó jinná?"

"Bí ilẹ̀ náà bá tilẹ̀ ń rì sísàlẹ̀, ó máa tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sà."

"Ṣé ẹ ò rò pé ó yẹ ká dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ìyẹn?"

Ẹlòmíràn ní ṣé kò ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀dọ́ dáná sí i láti ìsàlẹ̀. Mo ń wá bí mo ṣe máa dáhùn láìbú àgbà nígbà tí Bàbá Theophilus kan tábìlì.

"Dókítà, dúró ná. Nígbà tó o yan án nínú ẹ̀rọ rẹ, kí ló jáde?"

Àṣìṣe mi ni pé òótọ́ ni mo sọ. "Epo díẹ̀ jáde sà, torí pé ẹ̀rọ wa ló sè é, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ gbọ́ o! Epo jáde!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alhaji Sùnmọ́nù dìde, ó gbé fìlà rẹ̀ gún. "Ti àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́, kó o tó fọ̀ ọ́? Ṣé epo wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Ó wà sà, ó tiẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n òróró tí pásítọ̀ dà sí i ni."

"Kí ló dé tí pásítọ̀ fi da òróró sí i?"

"Kí àdúrà lè gbà, sà."

"Ṣé epo la gbàdúrà fún àbí omi?"

"Epo ni, sà."

"Ẹ̀rọ sì rí epo. Àdúrà ti gbà nìyẹn!" Ó yíjú sí àwùjọ. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju pé ọmọ yìí gbé òkúta tí àdúrà ti gbà lórí ẹ̀, ó wá fọ àdúrà náà dànù!"

Kíláàsì gbiná. Wọ́n ní mo fọ àdúrà dànù. Obìnrin kan bi mí pé irú ọṣẹ wo ni mo lò. Ọkùnrin tó fẹ́ jẹ alága ìgbìmọ̀ epo-tó-dànù pariwo pé àwọn ìlú kejì ló rán mi sí wọn. Bàbá Theophilus ní èsì àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ máa dì mú, kí katapílà wọlé láàárín ọ̀sẹ̀. Gbogbo wọn nawọ́ sókè. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, torí mo mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè sọ tí wọ́n máa gbọ́.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Àríkẹ́ dìde lẹ́yìn.

"Alága, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n bi ọmọ mi ní nǹkan kan péré. Ayọ̀kànmí, òróró pásítọ̀ yẹn, bí wọ́n bá dà á sórí òkúta mìíràn, ṣé ẹ̀rọ rẹ á rí i?"

"Á rí i, mà."

"Bó bá jẹ́ òkúta inú ọgbà Bọ̀dá Theophilus ńkọ́?"

"Á rí i."

"Ti ilẹ̀ tí Alhaji rà lẹ́bàá ọ̀nà?"

"Á rí i, Àǹtí mi."

"Ó dáa. Mo kàn ní kí n béèrè ni." Ó tún ìró rẹ̀ dì. "Kò burú. Kí wọ́n gé àwọn igi náà. Ilẹ̀ mi ni Ọlọ́run yàn nínú gbogbo ilẹ̀ ìlú, kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi nìkan ni ilé-iṣẹ́ epo máa wá bá. Èmi ni wọ́n máa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún. Bí ẹ̀yin náà bá nílò ohunkóhun nígbà náà, ẹ wá kanlẹ̀kùn, mi ò ní lé ẹnikẹ́ni."

Ó jókòó. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ wọ́n lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaji ń wo Bàbá Theophilus, Bàbá Theophilus ń wo òrùlé.

Alága wúkọ́. Ó ní bóun ṣe ń wò ó báyìí, kò yẹ kí ẹgbẹ́ kánjú. Ó ní ọ̀rọ̀ epo jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú, kò ní dáa kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa jẹ́ tirẹ̀. Kí katapílà ṣì dúró. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ mú òkúta ilẹ̀ tirẹ̀ wá, kí Dókítà yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí á mọ ibi tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì pariwo rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí, àwọn ará Ìgbó-Ayùn ti tò sí ẹnu ọ̀nà wa ní Yábàá, tí àwọn ọmọ tó ń ṣe áàpù fóònù ní òkè wa ń yọjú wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Oníkálukú gbé ọ̀rá lọ́wọ́, òróró sì ń kán sílẹ̀ láti ìdí ọ̀rá náà. Bàbá Theophilus ló wà níwájú. Ó gbé tirẹ̀ ka orí tábìlì mi, mo tú u, mo wò ó, mo tún wò ó.

"Bàbá, búlọ́ọ̀kù nìyí."

"Ara ilé mi ní Ìgbó-Ayùn ni."

"Bàbá, sìmẹ́ńtì ni. Kì í ṣe òkúta ilẹ̀."

"Àbí orí ilẹ̀ kọ́ ni ilé náà wà ni, Dókítà? Ẹ ṣáà bá mi gbé e sínú ẹ̀rọ." Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Mo dìde láti sọ fún un pé kó máa gbé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀.

"Bí tèmi bá dáa, kí la tún fẹ́ lọ máa da Àríkẹ́ láàmú fún? Ṣùgbọ́n bí tèmi ò bá dáa, kò sí bí a ṣe máa ṣe é, àfi ká padà sí oko tiẹ̀."

Débọ̀ wò mí. Mo jókòó padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bá àwọn oníbàárà jà nítorí ìwádìí mi, àwọn èèyàn pàtàkì tó wọ kóòtù, tí wọ́n fẹ́ kí n fi ooru díẹ̀ kún tiwọn. Mi ò ṣe é fún ẹnikẹ́ni rí. Mo gé díẹ̀ lára búlọ́ọ̀kù náà, mo gbé e sínú ẹ̀rọ. Epo jáde, ó pọ̀ ju ti ọjọ́ kìíní lọ, torí ó jọ pé ìgò méjì ni pásítọ̀ dà sí tirẹ̀.

Mo mú bébà. Mo kọ ọ́ pé a rí epo lára ohun tí Bàbá Theophilus gbé wá. Òótọ́ ni. Mo wá dé ibi tí a ti ń kọ ìtàn ooru. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sìmẹ́ńtì mọ̀ pé iná tó ti là kọjá ju ooru òkúta èyíkéyìí tí mo ti yẹ̀ wò lọ. Mo kọ ọ́ pé ooru tó mú un pọ̀ gan-an, ó sì ti jinná kọjá ààlà. Òótọ́ nìyẹn náà. Mo buwọ́ lù ú, ojú ara mi sì tì mí.

Bàbá Theophilus ka ìwé náà sókè kí àwọn tó wà níta lè gbọ́. Ayọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. "Ti èmi ti jinná! Ẹ gbọ́ o, ti èmi ti jinná kọjá ààlà!" Ó ká ìwé náà, ó kì í bọ àpò agbádá, ó wá rọra fọwọ́ gbá mi léjìká.

"Mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú oko obìnrin yẹn. Ìwọ fúnra rẹ lo fi ẹ̀rọ wò ó, o ní kò tíì jinná. Sáyẹ́ǹsì ò kí ń parọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo ní kí ẹni tó kàn wọlé.